Ojú-Ewé Djamila, Ògiri Ṣùáíbù

Lyon, ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní, ọdún 1998

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Savalou. Bí ẹ bá dé Bantè, ẹ bá mi kí wọn lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Ṣé ara yín le? Ṣé ọyẹ́ kò da ọ̀nà ọ̀fun yín láàmú lọ́dún yìí? Níbí, yìnyín ti ń bọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kò sì dún rárá. Òjò tó ń rọ̀ tí èèyàn ò gbọ́ ohùn rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé oorun ni mo ṣì ń sùn.

Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí mo wá kọ́ ń lọ dáadáa. Ohun mìíràn ni mo fẹ́ sọ. Yàrá kan wà nílé-ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n to kọ̀ǹpútà mẹ́jọ sí, láti oṣù kẹwàá ni mo ti ń lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti ṣe ojú-ewé tèmi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fojú inú wò ó bí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, àfi pé ògiri náà wà ní gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n so mọ́ wáyà tẹlifóònù, ì báà wà ní Dakar tàbí ní Libreville, lè ṣí i kó kà á. Bantè àti Savalou ni mo kọ nípa wọn: àwọn òkè wa, oko kajú ní Akpassi, ọjà, bí a ṣe ń kí ara wa. Orin ń dún fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣí i, ìwé àlejò sì wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá kà á lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi. Òǹkà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti ṣí i. Mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀ lónìí. Kí n má purọ́ fún yín, èmi fúnra mi ni mo ṣí i nígbà ọgbọ̀n nínú rẹ̀.

Bàbá, n kò ní fi ìdí rẹ̀ pa mọ́ fún yín. Nítorí ẹ̀gbọ́n mi Luqman ni mo ṣe ṣe é. Ó ń lọ sí ọdún márùn-ún báyìí tó ti lọ sí Gabon. Lẹ́yìn lẹ́tà méjì tó kọ sí ìyá mi, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mi ò mọ àdírẹ́sì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ń ka ojú-ewé mi, tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn, ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti fi ń kọ pátákó fún àwọn ọlọ́jà, ẹ mọ ohun tó ń mú èèyàn dúró kó kàwé. Mo ti tẹ ojú-ewé náà sórí pépà, òun ló wà nínú àpò-ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sọ ibi tó kù sí.

Ọmọ yín,
Djamila


Savalou, ọjọ́ kejì oṣù kẹta, ọdún 1998

Djamila, ọmọ Memounatou,

Àsàlámù àlékùm. A dúpẹ́, ara wa le. Ọyẹ́ ti ń lọ. Eruku ṣì bo àwọn òkè, tí mo bá jí láàárọ̀, ó dà bíi pé ẹnì kan ti fi ẹfun kùn wọ́n kó tó rántí pé òkè ni. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun, kí o má fi kọfí ṣe oúnjẹ.

Mo rí pépà rẹ gbà. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, ó wá béèrè pé àwọn èèyàn tó wá wò ọ́ yìí, kí lo fún wọn jẹ. Mo ní ìwé ni wọ́n wá kà. Ó ní ṣé wọn kì í bu omi fún ẹni tó wá kàwé ni.

Ó yá, ká sọ ti iṣẹ́. Mo lẹ pépà rẹ mọ́ ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sọdá títì, mo di ojú, mo là á, mo tún un dì. Bí mo ṣe kọ́ yín nìyẹn, o ò lè ní o ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá kù lójú rẹ lẹ́yìn tí o dì í, òun nìkan ni pátákó náà sọ, ìyókù ọ̀dà tí a fi ṣòfò ni. Ohun tó kù lójú mi ni dúdú. Dúdú, àti àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ tó dà sílẹ̀. Orúkọ Bantè gan-an, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti rí i, lẹ́yìn fọ́tò rẹ mẹ́ta àti ìtàn ìwé-ẹ̀rí rẹ. Àlejò dé, o ò kí i, ìwé-ẹ̀rí lò ń kà fún un.

Pa ilẹ̀ dúdú yẹn rẹ́. Funfun ni kí o fi sí i, kí o fi dúdú kọ̀wé lé e, kí pupa wà níbi kan ṣoṣo. O ní orin ń dún fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣí i. Ta ló rán ọ níṣẹ́ orin? Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ láti Bantè kò ní dúró nítorí tìẹ. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó fi ń kọjá lo ní. Kọ orúkọ ìlú gàdàgbà sókè, kí o kí èèyàn káàbọ̀ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹni tó ń wá ọjà rí ọ̀nà ọjà, kí ẹni tó ń wá òkè rí ọ̀nà òkè, kó má sì sọnù tó bá fẹ́ padà sẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ náà lè wà nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí o má wà.

Mo ní iṣẹ́ aláṣọ kan tí mo fẹ́ parí kí oòrùn tó mú. Kọ̀wé.

Bàbá rẹ,
Yessoufou


Lyon, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọdún 1998

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà nípa ìyá mi, àwọn tí a jọ ń gbé béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ti ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ. Mo ti yọ orin náà kúrò. Ó dùn mí díẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì gbáko ni mo fi wá a.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ fèsì sí gbogbo nǹkan tí mo kọ, àfi ọ̀kan. Ẹ ò dárúkọ Luqman. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ń wá a.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Ẹ ti lọ sí Bantè fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi ògiri ṣọ́ọ̀bù Àlájì Ṣùáíbù sílẹ̀ fún un kó kọ ohun tí wọ́n ń tà síbẹ̀. Dípò kó kọ súgà àti ọṣẹ àti epo bẹntiróòlù, ẹyẹ ẹtù méjì ló yà, tí wọ́n ń mu omi lábẹ́ òkè, ó wá kọ orúkọ Àlájì sí ìsàlẹ̀ wẹ́wẹ́. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Ẹ dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dúró pé kí ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ ní kí Àlájì fún yín ní ìgò bẹntiróòlù kan, ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ẹ sì nu ẹtù náà kúrò lójú gbogbo èèyàn. Luqman dúró tì yín, ó gbé agolo ọ̀dà dání. Lọ́jọ́ kejì ni a jí tí a ò rí i.

Mi ò kọ èyí láti bú yín. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ kí n rí i ni, torí pé òun ni mo ń ṣe wàhálà yìí fún.

Djamila


Savalou, ọjọ́ ogún oṣù karùn-ún, ọdún 1998

Djamila,

A kí ọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, iṣu ti ń hù ní Atokoligbé. Ìyá rẹ ń kí ọ.

Mo ka ohun tí o kọ. O rántí dáadáa.

Ní ti ojú-ewé rẹ, mo ronú sí i. O sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọ nínú ìwé àlejò. Níbo ló wà? Mo wá a títí lórí pépà kí n tó rí i. Gbé e sí ibi tí ọwọ́ ti lè kàn án. Èèyàn tó bá ti kà á tán fẹ́ sọ̀rọ̀, bí kò bá rí ibi tó máa ti sọ ọ́, á máa lọ. Kí o sì máa dá wọn lóhùn, níkọ̀ọ̀kan. Kí o má kọ ìtàn gígùn nípa òkè. Kọ díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè ní ìdí láti padà wá.

Ìyẹn ni mo mọ̀. Ìyókù kò yé mi.

Bàbá rẹ,
Yessoufou


Lyon, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, ọdún 1998

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò. Mo fẹ́ kí inú yín dùn, torí náà ìròyìn rere ni màá fi ṣáájú. Òǹkà náà ti di ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Funfun ni gbogbo rẹ̀, orúkọ ìlú wà lókè, ìkíni tẹ̀ lé e. Mo tilẹ̀ fi àwòrán igbá omi kan sí abẹ́ ìkíni náà nítorí ìyá mi. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí mi láti Cotonou, láti Paris, láti Ìbàdàn. Obìnrin kan ní Abidjan ní òun sunkún nígbà tí òun rí orúkọ Bobè, abúlé òun, lójú kọ̀ǹpútà, torí ó ti pé ogún ọdún tí òun ti rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, èmi kàn ń tẹ̀wé ni.

Imorou, ará Akpassi, tún kọ̀wé láti Libreville. Ọ́fíìsì kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo Àbámẹ́ta ló ń tẹ ojú-ewé mi sórí pépà, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé tí àwọn ará ọ̀dọ̀ wa ti ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú. Mo bi í léèrè Luqman. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti yí orúkọ padà nítorí ìwé ìgbélùú. Mo kọ orúkọ Luqman sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé, pé kó kọ̀wé sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti kọjá.

Mo lá àlá kan lánàá. Ojú-ewé náà di títì Savalou, ó funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn èèyàn ń kọjá lórí rẹ̀, bàtà wọn ò dún. Gbogbo wọn ń yíjú wò, wọ́n ń kàwé. Luqman wà láàárín wọn. Ó kọjá níwájú mi, kò yíjú. Mo pè é, ohùn mi kò jáde, bíi ti yìnyín yẹn gan-an.

Bàbá, ojú-ewé náà ti dára. Ó ti dára jù. Ẹ̀yin ló jọ. Ó dà bíi pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ bẹntiróòlù yẹn lọ́wọ́. Bí Luqman bá rí i, á mọ̀ pé ọwọ́ yín ni, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ayé ló lè kà á, àfi ẹni tí mo kọ ọ́ fún.

Djamila


Lyon, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, ọdún 1998

Bàbá mi,

Mo kí yín. Oṣù mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn lẹ́tà mi, mi ò rí èsì yín. Mo ń yẹ àpótí ìwé wò ní gbogbo ọ̀sán títí ẹni tó ń ṣọ́ ilé wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pẹ̀lú àánú. Ṣé ara yín yá? Ṣé ìyá mi wà dáadáa? Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi ló bí yín nínú, ẹ kọ̀wé kí ẹ bá mi wí, màá gbà á. Èyí tí ẹ ò sọ̀rọ̀ rárá yìí ni mi ò lè gbà. Ọmọ kan ti ṣe é fún wa rí, ẹ má ṣe é fún mi.

Mi ò tíì yí nǹkan kan padà lórí ojú-ewé náà. Mo ń dúró dè yín.

Djamila


Savalou, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, ọdún 1999

Djamila, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Mi ò ṣàìsàn, ìyá rẹ náà kò ṣàìsàn. Mi ò rí ohun tí mo lè kọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á ya. Inú bí mi sí ọ fún bí oṣù kan, mi ò ní parọ́. Lẹ́yìn náà, inú bí mi sí ara mi, ìyẹn sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Àsárì, eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan, mi ò rí òdìkejì títì. Mo di ojú. Ẹtù méjì ni mo rí. Mo là á, mo tún un dì, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń mu omi. Djamila, ìlú yìí kún fún pátákó tí mo kọ, mi ò lè rántí ìdajì wọn. Àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi nù kúrò, tó ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà, mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi àmì funfun sí lára ìyẹ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà dára. Ó dára lọ́jọ́ tí mo nù ún, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn ń yìn ín, wọn ò rí mi níbi tí mo dúró sí. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù, àwáwí ni mo fi ṣe.

Mo lọ bá Àlájì Ṣùáíbù, mo ní kó fún mi ní ògiri rẹ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ni àbí òun máa sanwó. Mo ní ọ̀fẹ́. Ó ní nígbà náà kí n má kọ nǹkan ìbànújẹ́ sí i. Mo gun alùpùpù lọ sí Bobè, mo dúró ní oko ẹnì kan, mo ń wo ẹtù láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Olóko rò pé mo fẹ́ jí i gbé. Mo padà, mo sì yà á. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é, ọwọ́ mi ò mọ irú iṣẹ́ yẹn, lẹ́tà ló mọ̀. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ wá bá mi níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó jókòó sórí àpótí, kò sì kúrò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní báyìí, èèyàn mẹ́ta ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ béèrè ẹtù, Àlájì sì ń ta ọṣẹ fún wọn.

Fọ́tò rẹ̀ ló wà nínú àpò-ìwé yìí. Gbé e sókè pátápátá lójú-ewé rẹ, kó ṣáájú orúkọ ìlú. Má kọ nǹkan kan sí i lára. Má kọ orúkọ mi. Èèyàn tí kò bá mọ ohun tó jẹ́, jẹ́ kó máa kọjá lọ.

Bàbá rẹ,
Yessoufou


Lyon, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, ọdún 1999

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ẹ pe ìyá mi kó jókòó pẹ̀lú.

Mo gbé ẹtù yín sókè bí ẹ ṣe sọ. Àwọn kan kọ̀wé pé ojú-ewé náà kò yé àwọn mọ́, ọ̀kan béèrè bóyá adìẹ ni mo ń tà. Mo dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan, mi ò yí i padà. Imorou tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri wọn ní Libreville. Ó ń lọ sí oṣù mẹ́ta tí kò sí nǹkan.

Lánàá mo ṣí ìwé àlejò. Imorou kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin kan tó ń kun àga àti bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀dọ̀ káfíńtà kan wá síbẹ̀. Orúkọ mìíràn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Kò wá sípàdé rí, ẹnì kan ló rán an wá gba owó ọ̀dà. Ó rí pépà lára ògiri. Imorou ní ó dúró síwájú rẹ̀ títí wọ́n fi parí ìpàdé, wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ibi tí pépà náà ti wá. Imorou sọ fún un pé ọmọbìnrin kan ní Lyon ni. Ó ní kí Imorou bá òun kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó sì lọ. Mo kọ ọ́ síbí bí mo ṣe rí i:

“Ta ló ya ẹtù yìí? Ẹsẹ̀ wọn ti gùn jù, omi yẹn kò sì rí bí omi. Ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kàn án mọ́ títí màá fi dé.”

Bàbá, mo kà á, mo tún un kà. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá iṣẹ́ yín wí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí i. Kí ni kí n sọ fún un?

Djamila


Savalou, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, ọdún 1999

Djamila,

Ìyá rẹ ti gbọ́. Ó ti wà lórí ẹní ìrun láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ fún un, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún, ó tún ń dúpẹ́.

Òótọ́ ni Luqman sọ. Ẹsẹ̀ wọn gùn. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i, ọlọ́kadà kan tilẹ̀ bi mí lánàá bóyá ògòǹgò ni mo yà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò fi iṣẹ́ tí kò dára sílẹ̀ lára ògiri sùn rí. Iwájú rẹ̀ ni mò ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, búrọ́ọ̀ṣì wà nínú àpò mi, ọwọ́ mi sì ń yún mi.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í le níbí. Mo ra páànù mẹ́ta, mo gun àkàsọ̀, mo kàn wọ́n mọ́ òkè ògiri náà kí omi má baà pa á rẹ́. Àlájì Ṣùáíbù béèrè pé ṣé torí iṣẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń rẹ́rìn-ín ni mo ṣe ń kan páànù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sọ fún un pé mi ò fọwọ́ kàn án.

Bàbá ẹ̀yin méjèèjì,
Yessoufou